Ẹ Má Pè É O, Ó Wà Nídìí Ṣáàtì

Ẹni tó bá ń wá ìyàwó lásìkò yìí tí kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́, kó yáa wá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan rà, kó jẹ́ kí àwọn igi kéékèèké pupa àti àwọ̀ ewé máa gòkè, kí wọ́n máa sọ̀ lójú ẹ̀. Bí bàbá ọmọ bá bi í pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?", kó gbé ohùn sílẹ̀: "Fọ́rẹ́ẹ̀sì ni, sà." Kò ní yé bàbá, ṣùgbọ́n òórùn dọ́là ti ta sí i nímú. Ó parí nìyẹn.

Àwọn oní-fọ́rẹ́ẹ̀sì yìí, tí wọ́n ń ra owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n sì ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ọlọ́kadà lọ ládùúgbò wa. Wọn kì í ráyè kí ènìyàn láàárọ̀, torí Lọ́ńdọ̀nù ń ṣí. Ọ̀sán kò ṣeé bá wọn sọ̀rọ̀, torí New York ti wọlé. Ẹni tí kò kọjá Ṣágámù rí ló ń ṣàròyé pé Tókíò ò jẹ́ kóun sùn mọ́jú. Ìyá ọ̀kan ní kó bá òun gbé àpò gàrí wọlé, ó ní, "Màámi, mo wà nínú tiréèdì." Gàrí wà níta títí òjò fi dé bá a.

Kíláàsì ni wọ́n ti ń kó o wá. Mẹ́ńtọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ o: bí wọ́n ṣe ń wọ ọjà tí wọ́n sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń dúró de ìgbà tí owó bá já odi, bí àbẹ́là kan (igi kéékèèké orí ṣáàtì yẹn) ṣe ń gbé èkejì mì. Ẹ̀kọ́ nípa ewu nìkan ló wà lójú ìwé tó kẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n sì fẹ́ kà á ni wọ́n mú iná lọ.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bí wọ́n ṣe ń fi àwọn bàbá tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá á tẹ́ ìwé àbájáde ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀, á fi bírò so 17 mọ́ 44, á ní òun ti rí i, nọ́ńbà fẹ́ jáde. Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, á wọ yàrá lọ, á fa ìlà láti orí àbẹ́là kan dé òmíràn, á ní òun ti rí i, góòlù fẹ́ gòkè. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o: kò sẹ́ni tó yá bàbá ní ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó tó mú wá.

Òun gan-an ni wọ́n ń pè ní leverage. Ọmọ fi dọ́là 100 sílẹ̀, wọ́n fún un ní 1:500, ó wá ṣí 0.20 lọ́ọ̀tì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ra ọjà) lórí yúrò àti dọ́là. Pip kan, ìyẹn ìṣísẹ̀ tíntín tí wọ́n fi ń wọn ìrìn ọjà, di dọ́là 2 nìyẹn. Pip kì í ṣe nǹkan ńlá, ọjà lè rìn ogójì rẹ̀ kí ẹ tó bu omi mu. Bó bá rìn ogójì náà sódì, dọ́là 80 ti wọgbó.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn níbi ìkómọ, ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ yẹn ni Amẹ́ríkà sábà máa ń kéde iye iṣẹ́ tó wọlé tàbí tó bọ́, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ tiwọn. Tiwa a máa bọ́ sí aago kan ààbọ̀ tàbí méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Mo bi í pé stop loss, àṣẹ tó ń ti òwò pa kí àdánù tó pọ̀ jù, ńkọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, stop loss wà fún àwọn tí kò nígbàgbọ́." Ìkéde jáde. Fóònù wà lábẹ́ agbádá, orí ẹ̀ náà sì tẹ̀lé e wọbẹ̀. Àgbà kan ń gbàdúrà pé owó ọmọ tuntun ò ní jóná, gbogbo ilé ń ṣàmín, òun nìkan ni ò dáhùn. Àkáǹtì ti jó.

Stop loss gan-an, kì í gbani lọ́jọ́ gbogbo. Láti 2011 ni báńkì àpapọ̀ Switzerland ti ń di yúrò mú kó má baà wálẹ̀ ju fráǹkì 1.20 lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀ láìkìlọ̀ fẹ́nì kan. Ọjà fo stop loss àwọn ènìyàn kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Iléeṣẹ́ Alpari ti ìlú ọba, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá ènìyàn ṣí àkáǹtì fọ́rẹ́ẹ̀sì, dẹnu kọlẹ̀, FXCM ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì ní láti yá 300 mílíọ̀nù dọ́là kó tó lè dìde. Ẹni tó fi ìwọ̀nba sílẹ̀ jí, ó bá gbèsè nínú àkáǹtì.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà, mo tún fi ti Bràsíl kún un. Àwọn olùwádìí tọpa àwọn tó bẹ̀rẹ̀ òwò ojoojúmọ́ yìí níbẹ̀ láàárín 2013 sí 2015, lórí ọjà futures, ìyẹn àdéhùn ọjọ́ iwájú lórí ìpín ìdókòwò. Nínú àwọn tó forí tì í ju 300 ọjọ́ lọ, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló pàdánù. Bóyá ni ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ń rí ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè náà. Ó mi orí, àánú wọn ṣe é. Ó ní, "Wọn ò ní mẹ́ńtọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mẹ́ńtọ̀ ní tiẹ̀ kì í pàdánù. Owó kíláàsì ti wọlé kí ọjà tó ṣí. Línkì tó ní kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ a máa san nǹkan fún ẹni tó mú oníbàárà wá, lórí lọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ èrè, ì báà jẹ́ àdánù. Abájọ tó fi ń pariwo láàárọ̀ kùtù pé, "Ẹ má sùn o, ọjà ti ṣí!" Àwòrán èrè tó ń fi hàn wọ́n sì lè jẹ́ ti àkáǹtì demo, níbi tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní dọ́là ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí àkáǹtì ẹ̀ jó níbi ìkómọ ò tilẹ̀ wáṣẹ́ lọ. Ó ti ń kọ́ ènìyàn báyìí. ₦50,000 ni kíláàsì tiẹ̀, ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá á rí ẹ̀dínwó gbà. Mo wo ìwé ìpolówó ẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń lo stop loss.