Hamilton Naki kọ́ ló pààrọ̀ ọkàn ní 1967

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń pín in lórí WhatsApp wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí pé Hamilton Naki, aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ọgbà, ló ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ ọkàn àkọ́kọ́ láyé, tí àwọn òyìnbó sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Christiaan Barnard, àti ikọ̀ rẹ̀ ló ṣe é, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1967, nílé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Ọjọ́ 18 ni Louis Washkansky, tí wọ́n ṣe é fún, lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Naki ò sí níbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá tó kọ́kọ́ gbé irọ́ náà ti tún un ṣe.

Iṣẹ́ tó ṣe gan-an ló wú mi lórí. Ọmọ ọdún 14 ló fi iléèwé sílẹ̀. Ọgbà Yunifásítì Cape Town ló ti bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi mú un wọ yàrá ìwádìí. Níbẹ̀, ó ń fún ẹranko lóògùn oorun, ó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ò jẹ́ kó lè di dókítà. Ní 2003, yunifásítì yẹn fi oyè dá a lọ́lá.