Burẹ́dì Àgége inú Kóòtù Mi

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù rèé: mò ń bá wọn mójú tó àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ní jẹ́lé-ó-sinmi àwọn Júù. Èmi Bọ́sẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú! Mọ́rà Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mọ́rà ni tíṣà obìnrin lédè Hébérù.

Mo ti rò pé lẹ́yìn Kérésì, òyìnbó ò lọ́dún mìíràn. Irọ́ ni. Ní Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn, a ti ápù bọ oyin, wọ́n fọn ìwo àgbò, mo sì ń wojú wọn bóyá wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ. A ò tíì nu oyin tán lórí tábìlì tí Sukkot fi dé: a pa àtíbàbà sínú ọgbà, a fi ewé bò ó. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ bò ó dí, kí a lè máa rí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ wo, ní Lọ́ńdọ̀nù? Òjò ló ń ro sínú ọbẹ̀ wa.

Ti ọdún Purim, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Hámánì nínú ìtàn Ẹ́sítérì, kí ọmọdé máa pariwo ni. Àwa fúnra wa la rọ ìrẹsì sínú ìgò fún wọn!

Àmọ́ Ìrékọjá ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwúkàrà ò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé, títí kan èérún burẹ́dì. Kí ọdún tó wọlé, wọ́n á fi ègé burẹ́dì 10 pamọ́, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á mú ìyẹ́ àti ṣíbí onígi, wọ́n á máa wá a kiri. Àwa fún àwọn ọmọ ní tọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa fún ọmọ ọdún mẹ́ta níná?

Wọ́n ń yọ́ rìn bí ọdẹ. Wọ́n rí ọ̀kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí méjì lẹ́yìn ìwé. Ó pé 10, a pàtẹ́wọ́. Ni ọmọkùnrin kan bá ní ó kù. Mo wẹ̀yìn, ó ti ki orí bọ àpò kóòtù mi.

Yéè!

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ wá láti ìta, nítorí kosher, òfin oúnjẹ àwọn Júù. Èmi ni mo sọ fún ara mi pé inú kóòtù kì í ṣe inú iléèwé. Ìdajì burẹ́dì Àgége ni, mo ti fi bọ́tà rẹ́ ẹ dáadáa, mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ọmọ yẹn fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè:

"Mọ́rà! Mo rí ìyá wọn!"

Tíṣà àgbà wò mí. Mo gbójú sókè.

"Mọ́rà Bọ́sẹ̀, mélòó ni mo fi pamọ́?"

"Bóyá ẹ ṣì í kà ni, mà."

Èyí tí wọ́n bá rí, sísun ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo lọ́gbà, wọ́n ṣáná sí i, àwọn ọmọ ń kọrin. Nígbà tí iná kan bọ́tà yẹn, òórùn tó gba afẹ́fẹ́, ikùn mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọ yẹn wá dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń wojú mi.

"Mọ́rà, ṣé ò ń sunkún ni?"

Mo ní èéfín ni.