Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní sítà kan: ẹ jẹ́ ká ka èyí tẹ́ ẹ fò kún un

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, fún sítà kan tẹ́ ẹ fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa ẹgbẹ́ tó ń tu ọkọ̀ ìgbòkun, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí aṣọ ẹ̀ ló ń tì í. A ti rí i. Kọmití ti rí i, àwọn mẹ́ńbà ti rí i, kódà ẹnì kan tó fẹ́ wá forúkọ sílẹ̀ ní Sọ́ńdè tó kọjá ló na fóònù ẹ̀ sí mi tó ní "ṣé ẹ̀yin náà nìyí?" Mo ní àwa náà ni. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, torí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á tẹ́ ò mọ̀ wá rí, ẹ gbọ́ tẹnu tiwa náà kẹ́ ẹ tó kọjá.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ, kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Wọ́n ní a gba owó mẹ́ńbà lọ́wọ́ àwọn tán a wá sọ àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ ọkọ̀. Wọ́n ní màmá kan jágbe mọ́ àwọn. Wọ́n ní oòrùn ń ràn, omi dákẹ́ rọ́rọ́, a ò jẹ́ káwọn wọkọ̀. Wọ́n ní àwọn kọ mẹ́sééjì, ọjọ́ mẹ́rin kò sẹ́ni tó fèsì, ṣùgbọ́n tó bá di òru a mọ bá a ṣe ń fi ìpè da èèyàn láàmú. Wọ́n wá fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn tó ti mọra tẹ́lẹ̀ ni, àlejò ò ríbi jókòó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ti mẹ́sééjì torí ibẹ̀ lẹ ti jàre. Ẹ kọ ọ́ ní Mọ́ńdè ọjọ́ 8 oṣù yìí, aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, a fèsì ní Fúráìdè ọjọ́ 12. Ẹni tó ń dáhùn mẹ́sééjì wa, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, tó bá délé láàárọ̀ oorun ló ń wá. Síbẹ̀ kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A ti fi ẹnì kan kún un. Ẹ má bínú. Ìyẹn ti tán.

Ó kù èyí tí kò tán.

Ó jọ pé ẹ rò pé ilé ìtajà lẹ wọ̀. Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ń gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ fún wa, ìyẹn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ wa lójú omi, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun náà ló ń tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe. Akápò wa ní iṣẹ́ tiẹ̀ tó ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Èmi tí mo ń kọ èyí, tíṣà ni mí, ìwé àwọn ọmọ tó yẹ kí n máàkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo gbé e tì yìí. Owó tẹ́ ẹ san kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ínṣúránsì ló ń gbé lára ẹ̀ lọ, pé tí ọkọ̀ wa bá lọ kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíì tàbí tó ṣe èèyàn léṣe, kó má di pé ilé ẹnì kan la máa tà. Epo ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Okùn wà níbẹ̀. Aṣọ ìgbòkun wà níbẹ̀, torí oòrùn tẹ́ ẹ ń yìn yẹn ló ń pa á, tó bá ti sá a pẹ́ ó máa ń fà ya bí ìwé ni. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ wa ló kù, tèmi àti tiyín. Ó wà lójú ewé kejì fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé mẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ lọ́dún, àti pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ló máa fọ̀ ọ́ tó bá dé. Iyọ̀ inú omi òkun ò mọ ẹni tó sanwó àtẹni tí kò san, gbogbo nǹkan tó bá jẹ́ irin lára ọkọ̀ ló máa jẹ, àfi tẹ́ ẹ bá tètè fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án. Alága náà ń fọ̀. Ẹ ò rí i nígbà tó ń fọ̀ ọ́ torí ẹ ò dúró débẹ̀.

Ti màmá tó jágbe. Màmá yẹn ti ń tukọ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbòkun. Àárọ̀ Sátidé ọjọ́ 6, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ di ìtọ́kọ̀ mú, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ ṣàdédé yí ọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí atẹ́gùn bá ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ wá yí i débi tó fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìgbòkun, igi gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ aṣọ yẹn á fò láti apá kan sí èkejì, wàì báyìí, orí èèyàn ló sì máa ń wà lójú ọ̀nà ẹ̀. Màmá ní "Ẹ tẹrí ba!" Ẹ wá kọ ọ́ síbí pé kò bọ̀wọ̀ fún yín. Kó wá sọ ọ́ báwo? Kó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, tí kò bá ní nira fún yín" kí igi yẹn tó dé? Ó ráyè fi "ẹ" síwájú ẹ̀, èmi ò rò pé èmi ì bá ráyè.

Ẹ jẹ́ n fi ọjọ́ 6 sílẹ̀ ná, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Sátidé ọjọ́ 20 tẹ́ ẹ ní oòrùn ń ràn. Òótọ́ ni, oòrùn ràn. Oòrùn kọ́ ló ń ti ọkọ̀ ìgbòkun. Atẹ́gùn ọjọ́ yẹn ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú omi, èyí ló sì máa ń tan èèyàn jù nínú gbogbo atẹ́gùn, torí tẹ́ ẹ bá dúró létí omi, ilé àti igi tó wà lẹ́yìn yín ti dí i, omi iwájú yín á tẹ́ bí ẹní, ẹ ó ní kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò nídìí igi wọ̀nyẹn bíi 200 mítà, ẹ ó rí i. Tí atẹ́gùn bá ń bọ̀ láti ojú omi sórí ilẹ̀, tó dojú ọkọ̀ yín dé, ẹ̀yin àti ọkọ̀ ẹ ṣì máa wọ́ wá sétí bèbè, ẹ kàn máa tutù ni. Èyí tó ń lọ sóde kì í dá èèyàn padà. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ìgbòkun ò lè dojú kọ atẹ́gùn tààrà kó máa bọ̀ wálé, ó máa ń yà sọ́tùn-ún, yà sósì ni, bíi digírì 45 sí atẹ́gùn, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n yà dáadáa á máa yà lójú kan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

A wọn atẹ́gùn láago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. 19 nọ́ọ̀tì ni, ìyẹn bíi kìlómítà 35 láàárín wákàtí kan. Lórí ìwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó, ipele karùn-ún nìyẹn, torí 17 sí 21 nọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀. (Francis Beaufort, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1805, nígbà yẹn kò tiẹ̀ fi eré atẹ́gùn sí i rárá, iye ìgbòkun tí ọkọ̀ ogun lè ta ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú, mo ní tíṣà ni mí.) Òfin wa ni pé mẹ́ńbà tuntun ò gbọdọ̀ kọjá ipele kẹrin, tó parí sí 16 nọ́ọ̀tì. Ẹ kọ ọ́ pé "torí nọ́ọ̀tì mẹ́ta". Nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn ò kéré bẹ́ẹ̀, torí tí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun á di ìlọ́po mẹ́rin, ohun tí 20 nọ́ọ̀tì máa ṣe fún yín, 10 nọ́ọ̀tì ò ní ṣe ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ. Èyí tẹ́ ẹ tún fò ni pé kò sẹ́ni tó wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àtọ̀gá àtọmọ. Orí ilẹ̀ la wà, a ń kọ́ra wa bí wọ́n ṣe ń ta okùn, bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ tó dojú dé dìde, àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá ku ti ìpè òru. Ẹ ò kọ ìdí tá a fi pè yín.

Bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi á fi nọ́ńbà ẹ̀ kọ́ apá "ó ti lọ", tó bá dé á gbé e padà sí "ó ti dé". Òun nìkan la fi ń mọ̀ pé iye tó lọ ló bọ̀. Nọ́ńbà yín ni 11, life jacket tẹ́ ẹ gbà náà, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, 11 ló wà lẹ́yìn ọrùn ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ 6, torí ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹ ti tukọ̀ fún ọdún mẹ́ta, a jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan, a ní ẹ má kọjá àmì pupa tó léfòó yẹn. Nígbà tó di aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo èèyàn ti dé, nọ́ńbà 11 ṣì wà ní "ó ti lọ". A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Ní ìkángun etí omi lọ́hùn-ún, níbi tẹ́nì kankan kì í gbé ọkọ̀ sí, òun rèé, ìdajì ẹ̀ wà nínú omi, ìgbòkun ẹ̀ ṣì wà lókè tó ń lu ara ẹ̀ pàpàpà, kò séèyàn nínú ẹ̀. Kò sí life jacket.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó wò.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mẹkáníìkì wa ti wọ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó so okùn ẹ́ńjìnnì mọ́ itan, okùn tó jẹ́ pé tó bá ré bọ́ sómi ẹ́ńjìnnì á kú fúnra ẹ̀, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń pe orúkọ yín sójú omi. Akápò ń sáré létí omi. Èmi ń tẹ fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìkẹfà lẹ gbé e, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, rédíò ti wà lọ́wọ́ mi kejì, mo ti gbé e sí ṣánẹ́ẹ̀lì 16 tí wọ́n fi ń pe àwọn adóòlà. Ẹ ní "Ta nìyẹn? Mo ń sinmi." Ẹ ti délé láti aago márùn-ún. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ ń pè ní òru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ mẹ́sééjì láago kan.

Awakọ̀ ẹ̀ṣọ́ ò bá bọ́ọ̀sì mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó ẹ̀ ló wá gbé e. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní a sọ yín di ọmọ ọ̀dọ̀ torí ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò fọ̀ ọ́ rárá. Akápò ló fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú kọ́wọ́ ẹ̀ méjèèjì lè ráyè.

Àwọn tó mọra, bẹ́ẹ̀ ni, a mọra. A kì í bára wa sáré ìje, a ò ní ife-ẹ̀yẹ kankan, ká tukọ̀ ká wá jókòó sọ̀rọ̀ ló kó wa jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó láti wọlé, ẹ wá lo ọjọ́ kan pẹ̀lú wa kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun. Ẹ ò nílò ọkọ̀ tiyín. Tẹ́ ò bá mọ̀wẹ̀, ẹ sọ fún wa, ẹ má fi pa mọ́. Tẹ́yìn bá ń dùn yín tẹ́ ò lè fa ọkọ̀, iṣẹ́ míì wà, bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé aṣọ ìgbòkun nìkan ló ń rán, tó bá wọlé gbogbo wa la máa dìde fún un. Ẹ kàn má kọ ọdún mẹ́ta sí fọ́ọ̀mù tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Padà sọ́dọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Kọmití jókòó ní Tọ́sìdeè ọjọ́ 25. Fọ́ọ̀mù sọ pé a kì í dá owó padà tí mẹ́ńbà bá ti wọkọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn márùn-ún ní ká dá gbogbo ẹ̀ padà fún yín, èèyàn méjì ní rárá. Èmi wà nínú àwọn méjì yẹn. Owó yín á wọlé lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo ẹ̀, a ò yọ ti epo tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ fi wá yín kúrò. Màmá tún ní kí n kọ ọ́ síbí pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà wá lọ́jọ́ kan, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, òun náà ló máa bá yín jókòó nínú ọkọ̀. Mo kọ ọ́ torí òun ló ní kí n kọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Life jacket méjìlá la ní, mọ́kànlá ló kù, ẹnì kan wá ń dúró lórí ilẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ọjọ́ 20 tá a béèrè, ẹ ní ó wà nínú bùùtù mọ́tò, kẹ́nì kan tó bá yín débẹ̀ ẹ ti bínú wa mọ́tò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú nọ́ńbà 11 wá. Ẹ sì bá wa ṣan iyọ̀ ara ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó mú un wá.