"Rọra" Kì Í Dín Eré Ọkọ̀ Kù

Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ má bínú: ẹni tó bá wọkọ̀ ní Owódé l'Ọ̀yọ́, tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó yéé sọ fún dẹ́rẹ́bà pé "rọra".

Rọra kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Bí a ṣe ń ṣe nǹkan ló ń sọ, kì í sọ bó ṣe yá tó. Èèyàn a rọra jẹ ẹja nítorí egungun, a rọra gbé ọmọ tó ń sùn. Olè náà a máa rọra ṣílẹ̀kùn. Kódà, èèyàn lè rọra sáré! Ohun tí dẹ́rẹ́bà kan fi dá ìyá àgbà kan lóhùn nìyẹn nígbà tí à ń sún mọ́ afárá Odò Ọba: "Màmá, mo ń rọra sáré ni." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, torí lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn, títì kan náà ni àlọ àti àbọ̀ jọ ń gbà, tírélà kan sì ti yọrí sí ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́ kọjá èkejì rẹ̀.

Rọra ti di ìkíni mọ́ wa lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí dẹ́rẹ́bà fi ń dáhùn pé "ẹ ṣé, mà", tí eré rẹ̀ ò sì ní yí padà.

"Dín eré kù" ló ní iye nínú. Òfin ìrìnnà ní kí ọkọ̀ má kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú. Kò sí iye kankan tó ń jẹ́ rọra. Tí a bá ní kó dín in kù, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀, gbogbo wa á sì rí i. (Bí abẹ́rẹ́ ọ̀hún bá ń ṣiṣẹ́ o. Ìyẹn lẹ́jọ́ tirẹ̀.)

"Falẹ̀" ńkọ́? Ẹ má dán an wò, èébú ni yóò kà á sí. "Dẹwọ́" sì jẹ́ ti òjò, àti ti ẹni tó ń na ọmọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "dín eré kù" ti le jù fún dẹ́rẹ́bà tó tó baba ẹni. Ṣebí "bá wa" wà? "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín eré yìí kù, tírélà ń bọ̀." Tó bá bínú, kó bínú dé Ògbómọ̀ṣọ́.