Ìtọ̀ Froome ní Vuelta 2017: ṣé ẹjọ́ yẹn parí lóòótọ́?

Adéọlá Oníkẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2017, wọ́n yẹ ìtọ̀ agunkẹ̀kẹ́ Chris Froome wò níbi Vuelta, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Sípéènì. Salbutamol, oògùn ikọ́ fée, jẹ́ 2,000 náánógíráàmù nínú mìlílítà kan. 1,000 ni òfin gbà. Òun náà ló gba Vuelta yẹn. Oṣù kejìlá làwọn oníròyìn tú u síta. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù keje 2018, UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ní kò jẹ̀bi. Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Faransé, ku ọjọ́ márùn-ún péré! Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ṣèyí: Àbúrò, ikọ́ fée ń bá mi fínra láti kékeré. Ínhélà aláwọ̀ búlúù kì í kúrò nínú báàgì mi. Tí àyà bá ti ń súfèé, ta ló ń ka iye ìgbà tóun fà á? Ká má tún wá sọ ti ẹni tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má sọ aláìsàn di olè.

Baba Kọ́ọ̀ṣì: Ẹ kú ìnira, màmá. Òfin ò ní kó má fà á o. 100 máíkírógíráàmù ló wà nínú fífà kan, 1,600 ni wọ́n sì fàyè gbà ní wákàtí 24. Ìgbà 16 nìyẹn! Ohun tó ń dùn mí ni Diego Ulissi, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Ítálì. 1,900 náánógíráàmù ni tiẹ̀ nínú ìtọ̀ lọ́dún 2014, kò tó ti Froome, síbẹ̀ wọ́n ní kó lọ jókòó fóṣù mẹ́sàn-án. Petacchi, ọmọ Ítálì míì tí salbutamol kó sí wàhálà ṣáájú rẹ̀, ọdún kan gbáko. Ṣé torí pé àwọn ò ní owó Team Sky, ẹgbẹ́ Froome, ni?

Dayọ̀ Peckham: Ẹ̀gbọ́n, omi ti gbẹ lára Froome lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, 1,429 ló kù. WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, fúnra wọn gbà pé ara rẹ̀ ò yá, ó sì fi kún oògùn rẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀.

Baba Kọ́ọ̀ṣì: Mo gbọ́, Dayọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n lọ fa oògùn náà níwájú àwọn onímọ̀, kí wọ́n wọn ìtọ̀ rẹ̀, ká lè rí i bóyá ara rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ Froome kúrò nínú àyẹ̀wò yẹn, wọ́n ní kò ṣeé ṣe láti tún irú ọjọ́ yẹn dá. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti gbà.

Adéọlá Oníkẹ̀kẹ́: Ẹni ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Lance Armstrong, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, náà ní ìwé dókítà lọ́wọ́ fún oògùn rẹ̀ lọ́dún 1999, àṣé wọ́n fi déètì ẹ̀yìn sí i ni. Ó di 2012 kí wọ́n tó gba Tour de France méjèèje tó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn.

Ìyá Ṣèyí: Armstrong jẹ́wọ́. Froome ò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ká mi lára. Ọmọ mi jogún àìsàn yìí, ó sì ń sáré 400 mítà nílé ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan rí ínhélà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní oògùn ló fi ń sáré. Ojú tì í, ó jù ú sínú báàgì, kò fà á. Kó tó yí kọ́nà kejì ló ṣubú.

Baba Kọ́ọ̀ṣì: Háà, ó mà ṣe o. Ṣé ó ti gbádùn báyìí? Ẹ sọ fún un kó máa fà á lójú gbogbo ayé. Àwọn tó ń ṣòfin ni mò ń bá jà, màmá, kì í ṣe ọmọ yín.