Ẹ fi ogun Phormio dán ìwé òfin yín wò

Ìwé òfin tí mo kọ́kọ́ rà fún eré ogun ọkọ̀ àtijọ́ nípọn bí ìwé orin ìjọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dì í pọ̀, mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀: iye atukọ̀ tó kù, iye àjẹ̀ tó ṣẹ́, bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe láyà tó. Èmi àti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Nígbà tí wọ́n fi máa mú iná lọ ní aago méje, ọkọ̀ méjì péré ló tíì fara kanra. Àbúrò mi gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ogun la ń jà ni, àbí ètò ìkànìyàn?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà lẹ́yìn òfin kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí eré yìí ṣàjèjì sí. A máa ń tẹ́ aṣọ búlúù sórí tábìlì, a ó to ọkọ̀ kéékèèké sí i, rúlà la fi ń wọn ìrìn wọn, dáìsì la fi ń mọ èyí tó rì. Ogun àwọn Gíríìkì ni tèmi. Ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní trireme gùn tó mítà 37, atukọ̀ 170 ló ń wà á ní ipele mẹ́ta. Bí ẹ bá ka sójà àtàwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ mọ́ wọn, wọ́n tó 200. Bí ìjà bá ń bọ̀, wọn a fi ìgbòkun ńlá sílẹ̀ létí òkun, apá èèyàn ló kù. Idẹ ni wọ́n fi bo imú rẹ̀ níbi tó ti kan omi, idẹ yẹn ni wọ́n sì fi ń dá ihò sára ọkọ̀ ọ̀tá. Ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni ọ̀kọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ìwé òfin èyíkéyìí báyìí: ṣé Phormio á lè ṣe ohun tó ṣe lọ́dún 429 ṣáájú ìbí Kristi?

Ọ̀gágun ará Athens ni. Ọkọ̀ 20 ló ní. Àwọn ọ̀tá wọn, àwọn ará Peloponnese ní gúúsù Gíríìsì, gbé ọkọ̀ 47 wá nítòsí Patras, níbi tí òkun ti ya wọ àárín ilẹ̀ Gíríìsì. Sójà tó ń lọ jà lórí ilẹ̀ ló kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn ò múra ìjà omi. Bí wọ́n ṣe rí Phormio, wọ́n to ọkọ̀ ní òbìrìkítí, imú síta, ìdí sínú, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ kéékèèké àti márùn-ún tó yá jù sí àárín. Phormio ò kọlù wọ́n. Ó ní kí ọkọ̀ tirẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n máa yí wọn po, kí wọ́n máa sún mọ́ wọn bí ẹni fẹ́ kàn wọ́n. Òbìrìkítí náà ń fún mọ́ra. Ó ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan máa ń fẹ́ láti inú ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ló ń retí. Afẹ́fẹ́ dé lóòótọ́. Ọkọ̀ ń gbá ọkọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá ti ara wọn, èébú ń fò, ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àṣẹ ọ̀gá wọn mọ́. Ìgbà yẹn ló tó ní ó yá. Ọkọ̀ 12 ló gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìwé nípọn tèmi mọ iye àjẹ̀ tó ṣẹ́, àmọ́ ó gbà kí ọkọ̀ mẹ́wàá há sójú kan láìjìyà. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Phormio á kàn máa yí po títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òfin tí à ń lò báyìí ò kún ojú bébà kan, àwa fúnra wa la kọ ọ́. Páálí mílíìkì la gé ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ kan ń rin ìǹṣì mẹ́fà, bó bá yí imú padà, ó pàdánù méjì. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ìdí nìkan lèèyàn ti lè gún ọ̀tá. Dáìsì kan, mẹ́rin sókè, ó rì. Bí imú bá pàdé imú, àwọn méjèèjì dúró. Bí ọkọ̀ rẹ bá kan ọkọ̀ rẹ, àjẹ̀ wọn ti lọ́ mọ́ra, kí wọ́n jókòó fún yípo kan. A ń ju dáìsì fún afẹ́fẹ́ ní yípo kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́fà bá jáde, ó ti dé, ọkọ̀ tí atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ òpè á sún ní ìǹṣì kan síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbá lọ. Ẹ̀wà la fi ń ka agbára atukọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ẹ̀wà mẹ́ta lórí. Tóo bá fẹ́ sáré, san ẹyọ kan, kóo rìn ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ̀wà bá tán, ó ti rẹ̀ wọ́n nìyẹn, ìdajì ìrìn ló kù. Ẹ̀wà mẹ́ta yìí ló lé gbogbo fọ́ọ̀mù kúrò lórí tábìlì mi.

Ẹnì kan sọ fún mi pé eré ọmọdé nìyẹn. Mo bi í bóyá ó ti ta ayò rí. Ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin. Èèyàn lè kọ́ òfin rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí ọ̀ta bá òpè ta á kí ẹ wá wo ojú òpè.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára òfin kékeré ni pé ó rọrùn láti tún ṣe. Lọ́dún 413 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Syracuse, ìlú tí àwọn ará Athens lọ gbógun tì ní Sicily, gé imú ọkọ̀ wọn kúrú, wọ́n fi igi kún un kó lè gba ìkọlù iwájú, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará Athens ò ní ráyè yí po nínú èbúté wọn. Ìlà kan la yí padà lórí bébà wa: ọkọ̀ Syracuse lè fi imú gún imú. Gbogbo ọgbọ́n Athens dópin lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ náà, ó ń bú mi.

Ibi tí mo ti máa ń fura ni ìwé tó bá ní òun gba gbogbo ogun, láti Salamis lọ́dún 480 títí dé Actium lọ́dún 31, ṣáájú ìbí Kristi náà ni. Ó lé ní irínwó ọdún! Ní Mylae lọ́dún 260, àwọn ará Róòmù ti ń ju afárá onírin ṣóńṣó sórí ọkọ̀ ọ̀tá kí sójà lè sá kọjá. Ìjà ilẹ̀ ni wọ́n gbé wọnú omi. Ní Actium, ọkọ̀ Antony, ọ̀gágun ará Róòmù, ti ga bí ilé. Ẹ kọ bébà mìíràn fún ìyẹn.

N ò ní purọ́, ọ̀gá ọkọ̀ tó láyà àtèyí tó lójo ń wù mí nínú ìwé nípọn yẹn. Mi ò tíì rí bí mo ṣe máa mú un wọlé láìpadà sídìí fọ́ọ̀mù.

Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ló gba ọkọ̀ 47. Ó to òbìrìkítí rẹ̀ dáadáa, ó há mọ́ra bí ẹyin adìyẹ nínú ìtẹ́. Mo yí i po fún yípo márùn-ún, mẹ́fà ò jáde. Ó ti ń rẹ́rìn-ín mi. Ní ìkẹfà, dáìsì yí gbirigbiri, ó dúró létí tábìlì. Mẹ́fà. Ló bá ní lójú tòun, ó ti jábọ́, ká tún un jù.