Irọ́ ni pé thymus kò wúlò fún àgbàlagbà mọ́

Ẹ̀yìn egungun àyà, lókè ọkàn, ni ẹṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní thymus wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, ni pé ọmọdé nìkan ló wà fún: béèyàn bá ti bàlágà, á súnkì, ọ̀rá á gba ipò rẹ̀, ó parí. Òótọ́ ni pé ó ń súnkì. Pé kò wúlò mọ́ ni mi ò gbà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fojú kéré ẹṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1961 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jacques Miller, yọ thymus àwọn ọmọ èkúté tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n ń rù, àìsàn ń kọlù wọ́n, kódà bí wọ́n lẹ awọ eku mìíràn mọ́ wọn lára, ara wọn ò bá a jà bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ilé ẹ̀kọ́ ni thymus jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì T, tó ń gbógun ti àrùn. Ó tún ń pèsè họ́mọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn, thymulin, kò lè ṣiṣẹ́ rárá bí kò bá sí èròjà zinc lára rẹ̀.

Àgbàlagbà wá ńkọ́? Bí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, nígbà míì ó máa ń yọ thymus torí pé ó dí i lọ́nà. Àwọn olùwádìí ní Massachusetts General Hospital, ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, fi àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti yọ tiwọn wé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àmọ́ tí tiwọn ṣì wà. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Láàárín ọdún 5, nínú 100 àwọn tí kò ní in mọ́, 8.1 ló kú, 2.8 ni ti àwọn yòókù. Ní ti àwọn tí jẹjẹrẹ mú, 7.4 sí 3.7 ni. Irú ìwádìí yìí nìkan kò lè fi hàn dájú pé yíyọ ọ́ ló fà á, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ ju ohun téèyàn lè gbójú fò lọ.

Ẹni tó bá ní myasthenia gravis, ìyẹn àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, tàbí tí kókó bá wà nínú thymus rẹ̀, kó má torí ọ̀rọ̀ mi sá fún iṣẹ́ abẹ o. Yíyọ ọ́ lè ṣe é láǹfààní gan-an. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ tiẹ̀ kìkì nítorí pé ó wà lójú ọ̀nà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi dókítà yín kó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ: ṣé kò ṣeé fi sílẹ̀ ni?